Láàbù Nínú Ẹ̀kọ́ Kóòdù Kíkọ ní Yunifásítì

Láàbù nínú ẹ̀kọ́ kóòdù ni àkókò tí akẹ́kọ̀ọ́ ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, lójú ẹni tí ó mọ̀ ọ́n jù ú lọ. Ó yàtọ̀ sí kíláàsì tí olùkọ́ ti ń dúró níwájú gbọ̀ngàn, tí ó ń kọ ọ̀rọ̀ sára pátákó. Nínú gbọ̀ngàn, akẹ́kọ̀ọ́ ń gbọ́, ó ń wò, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé. Nínú láàbù, òun ló ń tẹ kíbọ́ọ̀dù, ẹ̀rọ ń dá a lóhùn, ohun tí kò yé e sì ń fara hàn lójú ẹsẹ̀. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán kì í ti inú ìwé mọ bí wọ́n ṣe ń gé ọrùn bùbá. Ọ̀gá rẹ̀ yóò fún un ní àkísà aṣọ àti àlùmọ́gàjí, yóò sì dúró tì í. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kóòdù rí.

Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjerò, Arámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n Aláayè tí wọ́n bá fẹ́ kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì ló ń gba Ìgèdè àti Ìyìn kọjá lọ sí Adó-Èkìtì, níbi tí yunifásítì ìpínlẹ̀ wà láti 1982. Orúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà ti yí padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí ó tó di Ekiti State University, EKSU, ní 2011. Ní ọdún 2011 kan náà ni ìjọba àpapọ̀ dá yunifásítì tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ọyẹ́-Èkìtì, àwọn mìíràn sì ń lọ síbẹ̀. Àwọn ará Ẹ̀fọ̀n, tí ilé wọn kò jìnnà sí ààlà Ọ̀ṣun, a tún máa ré Iléṣà kọjá lọ sí Ifẹ̀. Ibikíbi tí ọmọ náà bá já sí, ìlànà kan náà ló máa bá níbẹ̀, nítorí àjọ NUC tó ń mójú tó gbogbo yunifásítì Nàìjíríà ló ń là á sílẹ̀.

Ìlànà tuntun tí NUC gbé jáde ní 2022, èyí tí wọ́n ń pè ní CCMAS, fi ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́ lélẹ̀, ó sì fi ìdá 30 sílẹ̀ kí yunifásítì kọ̀ọ̀kan fi tirẹ̀ kún un. Nínú rẹ̀, COS 201, ẹ̀kọ́ kóòdù àwọn ọlọ́dún kejì, jẹ́ yúnìtì mẹ́ta: méjì ti gbọ̀ngàn, ọ̀kan ti láàbù. Ẹni tó bá wò ó lóréfèé yóò rò pé láàbù ló kéré. Ṣùgbọ́n yúnìtì kan nínú gbọ̀ngàn jẹ́ wákàtí 15 ní sáà kan, nígbà tí yúnìtì kan nínú láàbù jẹ́ wákàtí 45. Wákàtí 30 ni akẹ́kọ̀ọ́ fi ń gbọ́ olùkọ́, wákàtí 45 ló sì yẹ kí ó fi jókòó ti ẹ̀rọ. Bí sáà bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ 15, wákàtí mẹ́ta gbáko nìyẹn lọ́sẹ̀. Ẹni tó bá ń sá láàbù, ohun tó ń sá fún ju ìdajì ẹ̀kọ́ náà lọ.

Àwọn tó kọ́kọ́ kọ́ kóòdù nílẹ̀ yìí kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà wọ Yunifásítì Ìbàdàn ní 1963, nígbà tí ilé iṣẹ́ IBM dá ibùdó ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún Áfíríkà sílẹ̀ níbẹ̀. Láyé ẹ̀rọ ńlá wọ̀nyẹn, FORTRAN, èdè tí John Backus àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1957, wà lára èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ́ṣẹ́ káàkiri àgbáyé. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ ètò rẹ̀ sórí ìwé, wọ́n á lu ihò rẹ̀ sára káàdì, ìlà kan fún káàdì kan, àmì 80 ni káàdì kọ̀ọ̀kan sì lè gbà. Ó di kí ó kó ìdì káàdì rẹ̀ fún òṣìṣẹ́ tó ń mójú tó ẹ̀rọ, kí ó máa lọ sílé, kí ó padà wá gbèsì ní ọjọ́ kejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí kọ́mà kan ṣoṣo bá ṣáko, ọjọ́ kan ti lọ nìyẹn. Ní 1964, John Kemeny àti Thomas Kurtz ní Dartmouth, Amẹ́ríkà, ṣe èdè BASIC, wọ́n sì ṣètò kọ̀ǹpútà wọn kí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lè máa lo ẹ̀rọ kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, kálukú láti ìdí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tirẹ̀. Ibẹ̀ ni àṣìṣe àti èsì rẹ̀ ti wá sún mọ́ra. Lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe àṣìṣe ogún nínú wákàtí kan, kí ó sì rí nǹkan kọ́ lára gbogbo wọn.

Ètò jíjókòó ló ṣáájú ohun gbogbo, nítorí kíláàsì máa ń pọ̀ ju ẹ̀rọ lọ. Ká sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ 180 ló forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ náà, tí láàbù sì ní kọ̀ǹpútà 40 tó ń ṣiṣẹ́. Wọ́n á pín kíláàsì sí ọ̀wọ́ márùn-ún, ẹni 36 nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ mẹ́rin á ṣẹ́kù, èyí kì í ṣe àṣejù, nítorí kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹ̀rọ kan tàbí méjì kì í dákú. Ọ̀wọ́ márùn-ún ní wákàtí mẹ́ta-mẹ́ta jẹ́ wákàtí 15 lọ́sẹ̀ fún yàrá kan ṣoṣo, fún ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo. Àwọn ọlọ́dún kìíní náà ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ọlọ́dún kẹta náà ń bẹ níbẹ̀. Ìdí nìyí tí orúkọ ọ̀wọ́ fi máa ń wà lára ilẹ̀kùn láti ọ̀sẹ̀ kìíní, tí aṣojú kíláàsì sì ń ṣọ́ ọ pé kí ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ jẹ́ Ọjọ́rú má yọjú ní Ọjọ́bọ̀.

Oríṣi ènìyàn mẹ́ta ló ń mú láàbù dúró. Èkíní ni olùkọ́ tó ni ẹ̀kọ́ náà: òun ló ń yan iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tó ń rí i pé ohun tí wọ́n sọ ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ Ajé bá ohun tí wọn yóò ṣe nínú láàbù mu. Èkejì ni tẹkinọ́lọ́jísìtì, ẹni tó ń fi Python tàbí èdè mìíràn sínú ẹ̀rọ kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, tó ń pa kòkòrò inú ẹ̀rọ, tó mọ kọ̀ǹpútà tí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ kò ní lẹ́tà “e” mọ́. Ẹ̀kẹta ni olùrànlọ́wọ́ láàbù, tó sábà máa ń jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gba oyè kejì tàbí olùkọ́ kékeré tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́. Ọwọ́ ẹni yìí ni láàbù wà. Bí olùkọ́ bá gbayì tó, tí ẹ̀rọ sì tuntun tó, láàbù tí kò ní olùrànlọ́wọ́ tó mọṣẹ́ kò yàtọ̀ sí ilé ìtẹ̀wé.

Òfin kan wà tí olùrànlọ́wọ́ tó mọṣẹ́ kì í rú: kì í gba kíbọ́ọ̀dù lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ó máa ń wu ni láti gbà á. Akẹ́kọ̀ọ́ 36 ló ń pe “Sà, ẹ jọ̀ọ́” láti igun mẹ́rin yàrá, bí ó bá sì tẹ lẹ́tà mẹ́ta péré, ọ̀rọ̀ ti yanjú. Ṣùgbọ́n olùrànlọ́wọ́ ló yanjú rẹ̀ yẹn, akẹ́kọ̀ọ́ kò rí i, bó bá sì di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ibẹ̀ náà ni yóò tún kọsẹ̀ sí. Ìbéèrè ni olùrànlọ́wọ́ ń bi í: Kí lo fẹ́ kí ó ṣe? Kí ló ṣe? Ìlà wo lo rò pé ó ti yà kúrò lọ́nà?

Ọ̀sẹ̀ kìíní kì í ju kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ilé àti ọ̀nà lọ. Láti 2015 ni JAMB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì, ti sọ gbogbo ìdánwò náà, UTME, di ti orí kọ̀ǹpútà, nítorí náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó ń wọlé tí kò tíì di máòsì mú rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó yan A sí D fún wákàtí méjì kò tíì wá ibi tí àmì àyọlò àti àkámọ́ wà rí. Nínú kóòdù, àwọn àmì kékeré wọ̀nyí ló ń gbé iṣẹ́ ró. “Iye” àti “iye” jẹ́ ohun méjì lójú Python, àlàfo tó wà níwájú ìlà sì ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Èyí kò yẹ kí ó ya ẹni tó gbọ́ Yorùbá lẹ́nu, ẹni tó mọ̀ pé àmì orí lẹ́tà nìkan ló ya igbá sọ́tọ̀ kúrò lára ìgbà. Ọ̀sẹ̀ kìíní yìí kan náà ni wọ́n ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣí fáìlì, bí wọ́n ṣe ń fún un lórúkọ, àti ibi tí wọ́n ń fi í pamọ́ sí.

Láti ọ̀sẹ̀ kejì, ìwé iṣẹ́ ló ń darí wákàtí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìwé iṣẹ́ tó dára kì í gùn. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ètò kékeré kan tó ti pé, tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò tẹ̀, tí yóò sì sọ ohun tó rò pé yóò jáde kí ó tó ní kí ẹ̀rọ ṣe é. Lẹ́yìn náà ni èyí tí wọ́n dìídì bà jẹ́, kí ó tún un ṣe. Ìgbẹ̀yìn ni iṣẹ́ tí yóò dá kọ fúnra rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Olùrànlọ́wọ́ á sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá níbẹ̀rẹ̀, yóò dákẹ́, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láàárín ìjókòó.

Ẹ jẹ́ kí á wo irú iṣẹ́ kan. Àgbẹ̀ kan ní Arámọkọ wọn kòkó gbígbẹ rẹ̀ lọ́jọ́ méjì, akẹ́kọ̀ọ́ sì fẹ́ kí kọ̀ǹpútà ro ó pọ̀. Ó kọ ọ́ báyìí:

ojo1 = input("Kílò ọjọ́ kìíní: ")
ojo2 = input("Kílò ọjọ́ kejì: ")
print(ojo1 + ojo2)

Ó tẹ 12, ó tẹ 8. Ogún ló ń retí. Ohun tí ẹ̀rọ gbé jáde ni 128. Akẹ́kọ̀ọ́ á tún un tẹ̀, yóò tún rí 128, yóò wo ẹ̀rọ ẹnìkejì rẹ̀, yóò wá nawọ́. Olùrànlọ́wọ́ kò ní sọ fún un pé “fi int sí i”. Yóò ní kí ó tẹ “Adé” sí ọjọ́ kìíní àti “ọlá” sí ọjọ́ kejì. “Adéọlá” jáde. Níbẹ̀ ni ojú ti sábà máa ń là: kọ̀ǹpútà kò ro nǹkan kan pọ̀, ó so wọ́n pọ̀ ni. Ohun tí input ń gbà wọlé, lẹ́tà ló kà á sí, ì báà jẹ́ 12, ì báà jẹ́ orúkọ ènìyàn. Àfi kí akẹ́kọ̀ọ́ fi int sọ ọ́ di nọ́ńbà kí ó tó ní kí wọ́n ro ó. Ó tún un ṣe, 20 jáde, inú rẹ̀ dùn. Olùrànlọ́wọ́ á wá ní kí ó tẹ 12.5, nítorí òṣùwọ̀n kòkó kì í fìgbà gbogbo bọ́ sórí nọ́ńbà pípé. Ètò náà á kọ̀, yóò kọ ValueError sójú kọ̀ǹpútà. Bí ọmọ náà ṣe bá float, tó ń gba nọ́ńbà tí kì í ṣe pípé, pàdé nìyẹn, lọ́jọ́ tó nílò rẹ̀ gan-an, kò sì ní gbàgbé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àṣìṣe tí ẹ̀rọ ń kọ yìí gan-an gba ẹ̀kọ́ lọ́tọ̀. Ẹni tuntun á rí ìlà pupa mẹ́fà, ẹ̀rù á bà á, yóò pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Láàbù ni wọ́n ti ń kọ́ ọ pé ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá ni kí ó kọ́kọ́ kà, pé ibẹ̀ ni orúkọ àṣìṣe náà wà, àti pé nọ́ńbà ìlà tó wà lókè rẹ̀ ń tọ́ka sí ibi tí ẹ̀rọ ti kọsẹ̀. Ibi tí ẹ̀rọ ti kọsẹ̀ lè má jẹ́ ibi tí àṣìṣe wà o. Àkámọ́ tí wọn kò pa dé ní ìlà kẹta lè mú kí ẹ̀rọ máa pariwo ní ìlà kẹrin.

Ohun mìíràn tó máa ń gba ọ̀sẹ̀ kan odindi ni àtúnyípo, ìyẹn kí ẹ̀rọ máa ṣe ohun kan náà léraléra. Bí wọ́n bá kọ range(1, 5), akẹ́kọ̀ọ́ á retí ẹ̀ẹ̀marùn-ún, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló sì máa rí: 1, 2, 3, 4. Python ń ka ìbẹ̀rẹ̀, ó ń fi òpin sílẹ̀. Ó rú ọ̀pọ̀ lójú, bẹ́ẹ̀ sì ni ìdáhùn wà nílé. Ọjà tí wọ́n ń ná lọ́rọọrún, ọjọ́ mẹ́rin ló ń gbà kí wọ́n tó tún ná an. A ń pè é ní ọrún nítorí pé a ka ọjọ́ òní mọ́ ọn, a sì ka ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ mọ́ ọn. Ìtàdógún náà, ọjọ́ 16 ni, ọjà mẹ́rin géérégé. Ẹni tó bá ronú pé range(1, 5) ń ti ọjọ́ ọjà kan lọ dé ẹnu ọ̀nà ọjọ́ ọjà kejì láìwọ inú rẹ̀, iye rẹ̀ kò ní ṣì í mọ́. Ó dára kí olùrànlọ́wọ́ máa fi irú àpẹẹrẹ báyìí ṣàlàyé. Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé, Gẹ̀ẹ́sì ni ìdánwò, ṣùgbọ́n èdè tí ọmọ fi ń ka owó láti kékeré ni ìṣirò fi ń tètè yé e. Àwọn kan ti gbé e kọjá ẹnu: èdè kóòdù kan wà tó ń jẹ́ Yorlang, tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ Yorùbá bíi “sọpé” àti “nígbàtí” ṣe, kí ẹni tó ń kọ́ kóòdù lè rí èdè ilé rẹ̀ lójú ẹ̀rọ.

Níbi tí ẹ̀rọ kò bá ti kárí, ẹni méjì ló ń jókòó ti ọ̀kan, èyí kò sì burú bí wọ́n bá ṣe é bó ṣe yẹ. Ọ̀kan ń tẹ̀, èkejì ń wò, ó ń sọ ohun tó kàn, ó ń rí àmì tí wọ́n gbàgbé. Tó bá di ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí ogún, wọ́n á pààrọ̀ àyè. Laurie Williams àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní North Carolina State University dán èyí wò nínú láàbù àwọn ọlọ́dún kìíní, wọ́n sì rí i pé ó ṣeé ṣe kí àwọn tó ṣiṣẹ́ ní méjì-méjì parí ẹ̀kọ́ náà pẹ̀lú máàkì tó yẹ ju àwọn tó dá ṣe é lọ. Pípààrọ̀ àyè ni kókó. Bí wọn kò bá pààrọ̀, ẹni tó yára á máa tẹ̀ títí sáà yóò fi parí, ẹnìkejì rẹ̀ á di òǹwòran. Mẹ́ta lórí ẹ̀rọ kan ti pọ̀ jù, nítorí ẹni kẹta kò ní iṣẹ́ kankan.

Ní Èkìtì, iná kì í dágbére kó tó lọ. Yàrá tó ní ẹ̀rọ UPS á rí ìṣẹ́jú díẹ̀ fi pa fáìlì mọ́ kí jẹnẹrétọ̀ tó dáhùn. Yàrá tí kò ní, òkùnkùn á ṣú lójú ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo ohun tí wọn kò fi pamọ́ á sì lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ìdí nìyí tí Ctrl àti S fi máa ń mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa lọ́wọ́ kí kóòdù fúnra rẹ̀ tó mọ́ ọn lọ́wọ́. Láàbù kò gbọdọ̀ túká nítorí iná. Iṣẹ́ kan wà tó bá irú àkókò bẹ́ẹ̀ mu dáadáa: akẹ́kọ̀ọ́ á fa ìlà sórí ìwé, yóò fún orúkọ kọ̀ọ̀kan nínú ètò rẹ̀ ní òpó tirẹ̀, yóò wá máa ka kóòdù ní ìlà-ìlà bí ẹni pé òun ni kọ̀ǹpútà, kí ó máa kọ iye tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ bó ṣe ń yí padà. Ó ń lọ́ra, ṣùgbọ́n ó máa ń tú àṣìṣe tí wákàtí kan lórí ẹ̀rọ kò tú síta. Ibi tó ti ń burú ni pé kí ìwé gba ipò ẹ̀rọ látìbẹ̀rẹ̀ dópin sáà, kí akẹ́kọ̀ọ́ máa kọ kóòdù sórí ìwé láìgbọ́ èsì láéláé. Ìyẹn ti dá a padà sí ayé káàdì tí kò tilẹ̀ ní òṣìṣẹ́ tí yóò gbà á.

Kí wákàtí mẹ́ta tó pé, olùrànlọ́wọ́ á yẹ iṣẹ́ kálukú wò. Ọ̀nà tó dára jù ni kí akẹ́kọ̀ọ́ mú kí ètò rẹ̀ ṣiṣẹ́ lójú rẹ̀, kí ó sì dáhùn ìbéèrè kan: bí mo bá yí nọ́ńbà yìí padà, kí ni yóò jáde? Ẹni tó kọ ọ́ á dáhùn. Ẹni tó gbà á láti orí WhatsApp á máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Máàkì láàbù máa ń wọ inú máàkì àárín sáà, tó sábà máa ń jẹ́ 30 tàbí 40 nínú 100, kí ìdánwò tó gba ìyókù. Níbi tí kíláàsì bá ti pọ̀ ju kí wọ́n bi kálukú léèrè, àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan ní òkè òkun ń lo Moss, ètò tí Alex Aiken ṣe ní 1994. Moss ń fi kóòdù wé kóòdù láti mọ èyí tí wọ́n dà kọ. Ẹni tó bá yí orúkọ ojo1 padà sí kilo1 kò tíì tàn án, nítorí bí ètò ṣe tò ló ń wò.

Bí ọlidé bá dé, tí ọmọ bá padà sí Ìjerò tàbí Ẹ̀fọ̀n, láàbù kì í tẹ̀ lé e lọ sílé bí kò bá ní kọ̀ǹpútà alágbèéká. Fóònù lè dí díẹ̀ lára àlàfo náà. Áàpù bíi Pydroid ń ṣe Python lórí Android láìsí íntánẹ́ẹ̀tì; Google Colab, tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn ní 2017, ń jẹ́ kí ẹ̀rọ tó wà níbòmíràn ṣe iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ó nílò nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tó dúró. Títẹ àkámọ́ àti àlàfo lójú fóònù ń dani láàmú. Síbẹ̀, ẹni tó fi ìdajì wákàtí ṣe é lójúmọ́ kì í padà dé bí ẹni tí kò fọwọ́ kàn án rí.

Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ni ìdánwò láàbù. Wọ́n á yọ íntánẹ́ẹ̀tì, fóònù á wà lórí tábìlì iwájú, kálukú á jókòó ti ẹ̀rọ tirẹ̀, kò sí méjì-méjì mọ́. Ìbéèrè sábà máa ń jẹ́ ọ̀kan tàbí méjì, ó sì máa ń jọ ohun tí wọ́n ti ṣe rí, àfi pé nọ́ńbà rẹ̀ àti ìtàn rẹ̀ yàtọ̀. Máàkì wà fún ètò tó ṣiṣẹ́ tán, máàkì sì wà fún èyí tó dúró lójú ọ̀nà ṣùgbọ́n tí ìrònú inú rẹ̀ tọ́. Nígbà tí àkókò bá pé, akẹ́kọ̀ọ́ á fi nọ́ńbà màtíríkì rẹ̀ sọ fáìlì lórúkọ, yóò fi í sínú àpò tí wọ́n yà sọ́tọ̀, yóò sì fọwọ́ sí ìwé kó tó jáde. Tẹkinọ́lọ́jísìtì á da gbogbo fáìlì kọ síbi méjì, yóò nu àwọn ẹ̀rọ mọ́, yóò sì ṣí ilẹ̀kùn fún ọ̀wọ́ tó kàn.